Ará Palẹsitínì ní Ṣílè, ará Ṣílè lẹ́yìn odi: ìbéèrè tó ń padà wá àti ìdáhùn wọn

Ṣé òótọ́ ni pé Ṣílè ni ará Palẹsitínì pọ̀ sí jù, tí a bá yọ ilẹ̀ Lárúbáwá kúrò?

Òótọ́ ni. Iye tí wọ́n máa ń dá wà láàárín 300,000 sí 500,000. Àlàfo náà fẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìkànìyàn Ṣílè kì í béèrè bóyá Lárúbáwá ni baba ńlá ẹni. Bí ẹnikẹ́ni bá já iye kan pàtó lé yín lọ́wọ́, ẹ bi í pé ta ló kà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe àlejò mọ́. Ọmọ-ọmọ àwọn tó wọkọ̀ ojú omi ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ, ẹlòmíràn ò sì mọ̀ ju orúkọ oúnjẹ lọ nínú èdè Lárúbáwá.

Níbo gan-an ni wọ́n ti wá, kí ló sì lé wọn kúrò nílé?

Beit Jala, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Beit Sahour ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ìlú mẹ́ta tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Kristẹni ni wọ́n, ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lónìí, àwọn ọmọ Beit Jala tó wà ní Ṣílè pọ̀ ju àwọn tó kù nílé lọ.

Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn àkọ́kọ́ ti ń kúrò. Ìjọba Ọ́tómánì ti Tọ́kì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, owó ò sì rọrùn. Ní 1909, ìjọba pàṣẹ pé kí ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni náà máa wọṣẹ́ ológun bíi ti Mùsùlùmí. Òbí tó lọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ọkọ̀. Kò pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé, èyí tó ń ronú tẹ́lẹ̀ náà dìde.

Buenos Aires ní Ajẹntínà ni ọkọ̀ ń já wọn sí. Kí ọ̀nà reluwé orí òkè Andes tó ṣí ní 1910, orí ìbaaka ni wọ́n ti ń gun òkè náà kọjá sí Ṣílè. Ẹ̀gbọ́n tó bá dé ibẹ̀ ránṣẹ́ pe àbúrò, àbúrò ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Bí àdúgbò kan ṣe ń ṣí lọ sí Santiago nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní turco?

Ìwé ìrìnnà ìjọba Ọ́tómánì ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ni wọ́n bá kọ wọ́n sílẹ̀ bí ará Tọ́kì. Ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ ológun Tọ́kì ni wọ́n wá ń pè ní Tọ́kì. Èébú ni, kì í ṣe oríkì: ìwé ìròyìn Santiago ìgbà náà kọ ọ́ pé ìdọ̀tí ni wọ́n kó wọ̀lú.

Kí ẹnu wa má gùn jù, àwa náà ní tiwa. Ará Lẹ́bánónì àti Síríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Èkó ní nǹkan bí àsìkò kan náà, Kòráà là ń pè wọ́n títí dòní, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn àkọ́kọ́ wọn ń kiri. Mélòó nínú wa ló bi wọ́n léèrè ìlú baba wọn?

Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìkiri ọjà. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò gbọ́ ju gbólóhùn Sípáníìṣì mẹ́wàá lọ, àpótí onígi gbé kọ́ ọrùn rẹ̀, ìdì aṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣí àpótí náà: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, ìyarun, dígí kékeré, ọṣẹ, pẹ̀lú rósárì àti àgbélébùú tí wọ́n fi igi ólífì gbẹ́, tó ti Ilẹ̀ Mímọ́ wá lóòótọ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn láti oko dé oko, ó ń bi ìyá ilé bóyá ohun kan wà tí kò sí nílé. Ọ̀rọ̀ tó fi ń béèrè náà, "falte", ni wọ́n yí dà di orúkọ fún un.

Ẹni tó bá mọ òṣómàáló kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwìn ni falte ń tà, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ onígbèsè wà nínú ìwé pélébé lápò rẹ̀. Èmi gbà pé àwìn yìí ló là wọ́n ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í dé oko, báǹkì kì í yá òṣìṣẹ́ oko lówó. Falte dé ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọlọ́rọ̀ Santiago kò kà sí oníbàárà rárá, ó fọkàn tán an, ó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá, wọ́n yá ṣọ́ọ̀bù. Láti àríwá dé gúúsù ni ṣọ́ọ̀bù wọn tàn dé, tí ará Ṣílè fi ń sọ ọ́ lówe pé kò sí ìlú tí kò ní àlùfáà kan, ọlọ́pàá kan àti ará Palẹsitínì kan.

Báwo ni alájàpá ṣe wá di onílé iṣẹ́ àti oníbáǹkì?

Ọjà àgbáyé tó dojú dé ní 1929 ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ṣílè wà lára àwọn tí ìyà ọdún náà jẹ jù. Owó òkèèrè tán, aṣọ òyìnbó kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, ìjọba sì gbé owó ibodè ga kí wọ́n lè máa hun aṣọ nílé. Ta ló mọ aṣọ tí aráàlú ń rà, tó mọ iye tí wọ́n lè san, tó sì ní ẹbí àti ará tí yóò bá a tà á ní gbogbo ìlú? Àwọn tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kiri ni.

Juan Yarur ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n bí i sí. Ó ṣòwò ní Ṣílè àti Bòlífíà, ó ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní La Paz, kí ó tó wá gbé ilé iṣẹ́ òwú ńlá kalẹ̀ ní Santiago. Ní 1937, ó wà lára àwọn tó dá Banco de Crédito e Inversiones sílẹ̀, báǹkì tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí náà. Hirmas, Sumar àti Said, aṣọ náà ni gbogbo wọn gbà dé ibi ọlá.

Ilé iṣẹ́ yẹn náà rí ìjì. Ní April 1971 àwọn òṣìṣẹ́ Yarur gbà á, ìjọba Salvador Allende, ààrẹ tó jẹ́ ẹgbẹ́ òsì, sì mú un kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Lẹ́yìn tí ológun fipá gbàjọba ní September 1973 ni wọ́n rí i gbà padà. Àmọ́ Pinochet, olórí ìjọba ológun náà, kan náà tó dá a padà fún wọn ló ṣí ibodè sílẹ̀ gbayawu fún aṣọ òkèèrè, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ bá kógbá sílé. Ẹni tó ti ní báǹkì tàbí ilẹ̀ bọ́ sórí ìyẹn. Ẹbí Said wà lára àwọn tó gbé ọjà ìgbàlódé Parque Arauco dìde ní 1982. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìhunṣọ nìkan ló ní, ó tà á.

Ṣé gbogbo wọn ló wá lówó?

Rárá o. Orúkọ ẹbí mélòó kan tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn ló ń dà yín láàmú. Àárín gan-an ni ọ̀pọ̀ wà: dókítà, agbẹjọ́rò, ẹnjiníà, olùkọ́, onísọ́ọ̀bù. Òtítọ́ ni pé wọ́n rí já jẹ ju ọ̀pọ̀ ará Ṣílè lọ, nítorí onísọ́ọ̀bù náà rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì kí ó má baà jókòó sẹ́yìn káńtà.

Ẹ lọ wo Patronato ní Recoleta, àdúgbò tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta aṣọ ní Santiago. Ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì San Jorge ṣì wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ta àkàrà dídùn Lárúbáwá ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Kòríà àti Ṣáínà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù aṣọ báyìí. Las Condes, níbi tí olówó ń gbé, ni pápá ìgbafẹ́ ẹgbẹ́ Palẹsitínì wà.

Àwọn ará Ṣílè tó kúrò nílé ńkọ́? Mélòó ni wọ́n, níbo ni wọ́n wà?

Ní 2003 sí 2004, ìjọba Ṣílè ka àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi, pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀: wọ́n lé ní 850,000. Nǹkan bí ìdajì wọn wà ní Ajẹntínà. Amẹ́ríkà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Swídìn, tí ó jìnnà sí wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ayé.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó wọn jáde. Ebi ló kó ti Ajẹntínà, ìbọn ló kó ti Swídìn. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ kò ní lóye èyíkéyìí nínú wọn.

Báwo ni Swídìn ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà?

Lẹ́yìn 11 September 1973, wọ́n ń kó èèyàn sí pápá bọ́ọ̀lù ní Santiago, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń pa wọ́n. Aṣojú Swídìn níbẹ̀, Harald Edelstam, ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó ń sá, ó sì dáàbò bo àwọn tó wà nínú ilé aṣojú Cuba. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ológun lé e lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba ọwọ́ rẹ̀ yè kí ó tó lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe alájàpá. Olùkọ́ ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, oníròyìn, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìjọba Swídìn fún wọn ní ilé, kíláàsì èdè lọ́fẹ̀ẹ́, àti ẹ̀tọ́ sí ilé ìwòsàn bíi ti ọmọ onílùú. Láti 1976, àlejò tó bá ti lo ọdún mẹ́ta lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Láti 1977, iléèwé gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ tí òbí bá fẹ́.

Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí Santiago kò ní ìtumọ̀ púpọ̀ ní Gothenburg. Olùkọ́ yunifásítì di ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn lóru. Àdúgbò tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, bíi Rinkeby ní Stockholm àti Hammarkullen ní Gothenburg, ni ọ̀pọ̀ gbé. Ilé ibẹ̀ gbóná nígbà òtútù, omi kì í dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn ará Swídìn fúnra wọn ń kó kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn tó ní ìwé yẹn kò fi tètè gòkè?

Àpótí aṣọ wọn wà nílẹ̀ láìtú. Kì í ṣe àsọdùn: ọ̀pọ̀ wọn gbà pé Pinochet yóò ṣubú ní ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ra ilé, wọn ò fara balẹ̀ kọ́ èdè. Ẹni tó ń retí àtilọ kì í gbin ọsàn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi retí.

Falte ní tirẹ̀ ti mọ̀ láàárín ọdún díẹ̀ pé òun kò ní tètè padà. Àwọn tó dé Swídìn láti àárín àwọn ọdún 1980 síwájú náà yàtọ̀: iṣẹ́ ni wọ́n wá, wọ́n sì tètè wọ inú rẹ̀.

Àwọn ti Ajẹntínà ńkọ́?

Àwọn ni ẹnikẹ́ni kì í ṣe fíìmù nípa wọn. Erékùṣù Chiloé àti gúúsù Ṣílè ni ọ̀pọ̀ ti ń sọdá sí Patagonia, láti rẹ́ irun àgùntàn, láti ká èso ápù ní àfonífojì Río Negro, láti ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo ní Comodoro Rivadavia. Obìnrin ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sí ìwé, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fẹ́ jagun nítorí erékùṣù Beagle ní 1978, ojú ọ̀tá ni wọ́n fi ń wo aládùúgbò wọn tó jẹ́ ará Ṣílè.

Òfin ìwọlé tuntun tí Ajẹntínà gbé jáde ní 2004 mú ìwé rọrùn fún wọn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbà wọn ti lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nídìí iṣẹ́ tí kò ní àkọsílẹ̀.

Tí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, àwọn wo ló rọ́wọ́ mú jù?

Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ owó, ará Palẹsitínì Ṣílè ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kò sí ará Ṣílè ní Swídìn tó ní báǹkì. Tí ẹ bá béèrè ẹni tí kò ní sùn lébi tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ará Ṣílè Swídìn ni, nítorí òfin ló gbé e dúró. Falte tí àìsàn bá dá dúbúlẹ̀ ní 1915, ẹbí rẹ̀ nìkan ló ní.

Ohun tó mú ìṣirò náà ṣòro ni ọdún. Ẹ̀ ń fi ìran kẹta àti ìkẹrin ẹ̀yà kan wé ìran kìíní àti ìkejì èkejì. Ọmọ àwọn tó sá lọ sí Swídìn ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀: Rossana Dinamarca, tí wọ́n bí ní Ṣílè, jókòó níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ òsì. Mauricio Rojas náà tó sá lọ fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ Liberal, ó padà sí Ṣílè, ó sì di mínísítà fún ọjọ́ mélòó kan péré ní 2018. Ìyẹn kò tó àádọ́ta ọdún.

Ṣé kì í ṣe pé òwò wà nínú ẹ̀jẹ̀ Lárúbáwá ni?

Ìbéèrè yìí ló ń wọlé jù, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Ẹ gba Lẹ́bánónì lọ. Ará Palẹsitínì kan náà ló wà níbẹ̀ nínú àgọ́ méjìlá tí UNRWA, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ogúnléndé Palẹsitínì, ń bójú tó. Ìran wọn ti wà níbẹ̀ láti 1948, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ dókítà, agbẹjọ́rò tàbí ẹnjiníà lóde àgọ́. Òfin 2001 tún ní wọn ò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wo ló máa là á níbẹ̀?

Ẹ sọdá sí Jọ́dánì, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti gba ìwé ọmọ onílùú: oníbáǹkì, olùkọ́ àti ọlọ́jà wà nínú wọn. Ṣílè bú turco, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ó má ra ilẹ̀, kò sì sí èyí tó ní ọmọ rẹ̀ kò lè di dókítà.

Ará Palẹsitínì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ṣílè wà bí?

Ó wà. Ní 2008, Ṣílè gba ogúnléndé 117 tó wá láti àgọ́ al-Tanf ní ibodè Ìráàkì àti Síríà. Mùsùlùmí ni wọ́n, Ìráàkì ni wọ́n ń gbé kí ogun 2003 tó lé wọn sínú aginjù. Wọ́n pín wọn sí Santiago, La Calera àti San Felipe.

Àwọn ọmọ Palẹsitínì tó ti wà ní Ṣílè dáwó, wọ́n wá iṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: ẹni tó dé ní 2008 kò gbọ́ Sípáníìṣì, ẹni tó wá kí i káàbọ̀ kò gbọ́ Lárúbáwá. Wọ́n nílò ògbufọ̀ láàárín ọmọ ìyá.

Nígbà ìjọba ológun, ìhà wo ni ará Palẹsitínì Ṣílè wà?

Ìhà méjèèjì. Oníléeṣẹ́ tí Allende gba ohun ìní rẹ̀ kò sunkún nígbà tí Allende ṣubú. Ọmọ onísọ́ọ̀bù tó wà nínú ẹgbẹ́ òsì ní yunifásítì wà lára àwọn tó sá lọ. Ó ṣì rí bẹ́ẹ̀: Daniel Jadue tó ṣe olórí ìlú Recoleta jẹ́ Kọ́múnísìtì, Francisco Chahuán tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tún. Lórí ọ̀rọ̀ Palẹsitínì nìkan ni ẹnu wọn ti ń kò. Sebastián Piñera tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀tún ló wà lórí oyè nígbà tí Ṣílè gba Palẹsitínì bí orílẹ̀-èdè ní January 2011.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Palestino ńkọ́?

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1920, ó gba ife líìgì ní 1955 àti 1978. Ní 2014 ó ya nọ́ńbà 1 ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ bí àwòrán ilẹ̀ Palẹsitínì ṣáájú 1948. Àjọ bọ́ọ̀lù bu owó ìtanràn lé e, aṣọ náà sì wá di ohun tí gbogbo ayé ń rà. Ìyókù, ẹ bi àwọn olólùfẹ́ rẹ̀.

Ta ló lè padà sílé nínú wọn?

Ará Ṣílè lè padà. Nígbà kan, wọ́n ń tẹ lẹ́tà L sójú ìwé ìrìnnà àwọn tí Pinochet kò fẹ́ rí. Lẹ́tà kan ṣoṣo, òun ni wọ́n fi mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ ìlú ìyá rẹ̀. Ní 1988 ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Láti 1990 títí di 1994, iléeṣẹ́ ìjọba kan wà fún àwọn tó ń padà. Ọ̀pọ̀ padà, àwọn mìíràn dé, wọ́n rí i pé ọmọ àwọn ti di ará Swídìn, wọ́n tún wọkọ̀ òfurufú. Láti 2017, wọ́n ń dìbò ààrẹ láti ibi tí wọ́n wà.

Ti Palẹsitínì ti há kí Ísírẹ́lì tó wà rárá. Ní 1925, Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ṣe òfin ọmọ onílùú. Ẹni tó ti rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà ti Gúúsù kí òfin náà tó dé kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà, a máa dá èsì padà fún un pé kì í ṣe ará ibẹ̀ mọ́. Owó tí ìbá fi kọ́lé sí Beit Jala, Ṣílè ló gbẹ̀yìn kọ́ ọ sí. Lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó bá fẹ́ wo ilé baba ńlá rẹ̀, ìwé ìrìnnà Ṣílè ni yóò fi wọlé, ọmọ ogun Ísírẹ́lì ni yóò sì pinnu bóyá yóò kọjá.

Ṣé a lè rí iye owó tí wọ́n ń gbà nínú ìṣirò ìjọba, kí á fi wé ara wọn?

Ti ará Ṣílè Swídìn, ẹ lè rí i, nítorí ìlú tí wọ́n ti bí èèyàn ni Swídìn fi ń kà. Ti ará Palẹsitínì tó wà ní Swídìn kan náà, ó ti sá pamọ́. Ẹni tí wọ́n bí ní àgọ́ Lẹ́bánónì bọ́ sábẹ́ Lẹ́bánónì, ẹni tí wọ́n bí ní Damascus bọ́ sábẹ́ Síríà, àwọn mìíràn sì wà lábẹ́ àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè. Ní Ṣílè, "ará Ṣílè" ni ọmọ-ọmọ falte jẹ́ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ-ọmọ oníbàárà rẹ̀.